Asọ̀rọ̀mágbèsì Tó Ń Wá Èsì

Ìlú Oxford tó wà ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ìlú tí èèyàn ń gbúròó rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni. Yunifásítì Miami ló gbé e ró (kì í ṣe Miami ti Florida o), oko sì yí i ká. Ẹni tó bá wakọ̀ láti ibẹ̀ lọ sí Cincinnati yóò lò tó wákàtí kan. Dayton náà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ lọ́dún 1988, nígbà tí fíìmù Rain Man jáde, àwọn tí kò mọ ibi tí Ohio wà gan-an gbọ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan tó wà nílùú náà. Nínú ọkọ̀, ẹni tí Dustin Hoffman ṣe nínú fíìmù ọ̀hún gbọ́ ìkéde tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń dárúkọ ara rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní àsọtúnsọ, kò dákẹ́. WOXY lorúkọ ilé-iṣẹ́ náà nínú ìwé ìjọba. 97X ni àwọn olùgbọ́ ń pè é, orin tó sì ń lù ni ẹ̀yà rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní alternative, orin àwọn ẹgbẹ́ olórin tí àwọn rédíò ńlá kò fẹ́ fọwọ́ kàn.

Òkìkí pọ̀, ṣùgbọ́n òkìkí kì í san owó iná. Ìpolówó ọjà ni ilé-iṣẹ́ rédíò aládàáni fi ń jẹun níbẹ̀, ẹni tó sì fẹ́ polówó ọjà kò ní béèrè pé ta ló dárúkọ yín nínú fíìmù. Ìbéèrè tirẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: èèyàn mélòó ló ń gbọ́ yín?

Ìbéèrè yìí le ju bó ṣe rí lójú lọ. Nígbà tí àwọn àgbà wa rí àpótí Rediffusion tí wọ́n fi wáyà fà wọ ilé ní Ìbàdàn, asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n pè é, wọn kò sì ṣì í pè. Ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn mọ iye ẹ̀dà tó tà. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà sinimá lè ka orí àwọn tó wọlé. Ṣùgbọ́n atọ́kùn ètò tó jókòó sídìí gbohùngbohùn ń dá sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ ni. Bóyá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ló ń gbọ́ ọ, bóyá adìyẹ nìkan ló wà nílé tí wọ́n tan rédíò sí, kò lè mọ̀. Ìdí nìyẹn tí òwò mìíràn fi dìde, òwò àwọn tó ń bá rédíò wá èsì ọ̀rọ̀ tó sọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá èsì ọ̀hún ló sì ń pinnu irú orin tí a óò gbọ́, ju bí ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ti rò lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké lọ̀rọ̀ náà ń dùn jù.

Arbitron ni baba ìsàlẹ̀ òwò yìí ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1949 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ American Research Bureau. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé pélébé kan ni irinṣẹ́ wọn. Wọ́n á tẹ èèyàn láago nílé, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ kó máa kọ gbogbo rédíò tó bá gbọ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ méje, láti Ọjọ́bọ̀ títí di Ọjọ́rú: àkókò tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́, àkókò tó dáwọ́ dúró, orúkọ ibùdó náà, bóyá inú ilé ló wà ni tàbí inú ọkọ̀. Dọ́là díẹ̀ máa ń wà nínú àpòòwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, bí ẹni fi obì bẹ èèyàn. Tí ọjọ́ méje bá pé, onítọ̀hún á dá ìwé náà padà nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ẹ fojú inú wo ẹni tí wọ́n fún ní irú iṣẹ́ yìí. Ta ló ń gbé bírò káàkiri nínú ọkọ̀? Ọ̀pọ̀ kì í rántí ìwé ọ̀hún títí di alẹ́ Ọjọ́rú, wọ́n á wá jókòó sórí àga, wọ́n á fi ìrántí kún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí wọ́n bá sì rántí ni wọ́n máa kọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n gbọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni atọ́kùn kì í fi lè lu orin méjì láìdárúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, tí orúkọ náà sì máa ń ní orin àti ariwo tirẹ̀ tí kì í kúrò lágbárí bọ̀rọ̀. Ìkéde tí Hoffman ń sọ ní àsọtúnsọ nínú Rain Man, wọ́n ṣe é kí ó lè rí bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ́nu ẹni tó bá di bírò mú lálẹ́ Ọjọ́rú ni.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń yọ nínú ìwé wọ̀nyẹn ju ọ̀kan lọ. Ká fi búkà ṣe àpẹẹrẹ. Iye èèyàn tó ya búkà láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni nọ́ńbà àkọ́kọ́, kódà kí ẹlòmíràn má ju omi mu lọ. Bí oníkálùkù ṣe pẹ́ tó lórí àga ni ìkejì. Tí ìyá olóúnjẹ bá da méjèèjì pọ̀, yóò mọ iye èèyàn tó sábà máa ń jókòó síbẹ̀ nígbàkúgbà tí a bá yọjú. Tí a bá wá kó gbogbo ẹni tó ń jẹun níta nílùú lákòókò kan náà jọ, ìpín ti búkà yìí nínú wọn ni nọ́ńbà tí àwọn rédíò fi ń yangàn síra wọn. Búkà kan lè ní ọ̀pọ̀ oníbàárà tí wọ́n ń yà láti ra mọ́ínmọ́ín kí wọ́n sì máa lọ. Òmíràn lè ní ogún èèyàn tí kì í dìde. Àwọn ibùdó alternative kéékèèké, irú èkejì ni wọ́n: èèyàn wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ kì í kúrò.

Ibì kan wà nínú ìṣirò náà tí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gbà wọlé. Wọ́n pín wákàtí sí ọ̀nà mẹ́rin, ìṣẹ́jú 15 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ ìṣẹ́jú 5 péré nínú 15 yẹn, wọ́n á kà á sí ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó tan rédíò ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 10, tó sì pa á nígbà tó di ìṣẹ́jú 20, ó gbọ́ ìṣẹ́jú 5 lápá ibí, ó gbọ́ ìṣẹ́jú 5 lápá ọ̀hún. Ìṣẹ́jú 10 rẹ̀ ti di 30 nínú ìwé Arbitron. Olùdarí ètò tó bá mọ èyí kò ní gbé ìpolówó ọjà sí ojú ààlà ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láé. Àárín rẹ̀ ló máa tì í sí, orin tó dùn jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò sì fi gba orí ààlà náà kọjá. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ẹni tó bá ń yí rédíò kiri nínú ọkọ̀ nítorí kó lè bọ́ lọ́wọ́ ìpolówó, tó wá ń bá ìpolówó pàdé ní ìkànnì mẹ́ta léra wọn, kì í ṣe ayé ló ń ṣe é.

Orin náà ní ètò tirẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ aládàáni, atọ́kùn kì í sábà yan orin mọ́ rárá. Kọ̀ǹpútà ló ń to wọ́n, látìgbà tí irú ètò kọ̀ǹpútà bíi Selector ti dé. Àwọn orin tuntun tó lágbára jù kì í pọ̀, márùn-ún tàbí méje, wọ́n sì máa ń yí po láàárín wákàtí mélòó kan kí wọ́n tún padà dé. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lójú ọpọ́n, lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn àgbà orin tí gbogbo èèyàn mọ̀. Kí orin tó wọ ìdí èyíkéyìí nínú wọn, wọ́n á tẹ olùgbọ́ láago, wọ́n á gbé ìṣẹ́jú àáyá méje sí mẹ́wàá nínú orin náà sí i létí, ibi tó dùn jù, wọ́n á ní: ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ṣé ó ti sú yín? Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀nà tí orin tí èèyàn kò gbọ́ rí fi lè yege nínú irú ìdánwò báyìí. Orin tuntun ni ẹ̀yà alternative fi ń ṣe oókọ, ìdánwò náà sì ń bínú orin tuntun.

Lọ́dún 1981 ni tọkọtaya kan, Doug àti Linda Balogh, ra WOXY. Orin àwọn gbajúmọ̀ tí gbogbo rédíò ń lù ni ibẹ̀ ń lù nígbà náà. Ní ọdún 1983 ni wọ́n yí ètò padà pátápátá sí rọ́ọ̀kì ìgbàlódé. Ìṣirò tó wà nídìí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó rí. Ibùdó ńlá ní Cincinnati lè fi wáàtì 50,000 ju ohùn sáfẹ́fẹ́. Irú ibùdó ìlú kékeré bíi WOXY kò gbọ́dọ̀ ju wáàtì 3,000 lọ nígbà yẹn, ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá gbé òfin náà sókè sí 6,000. Ẹni tí kò lè pariwo ju àwọn ará ọjà lọ, àfi kó máa ta ohun tí wọn kì í tà.

Wọ́n sì ta á dáadáa, lójú àwọn tó ń rà. Lọ́dọọdún, ní òpin ọ̀sẹ̀ Memorial Day tó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù karùn-ún, ilé-iṣẹ́ náà máa ń ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta orin láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, Modern Rock 500, àwọn olùgbọ́ sì máa ń fi gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ọ̀hún tì í. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Arbitron, ìlú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Cincinnati àti Dayton, ìgbì 97X sì ń dé apá kan nínú èyí, apá kan nínú tọ̀hún. Olùgbọ́ rẹ̀ ti pín sí ọ̀nà méjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n.

Ìṣòro tó tún burú ju èyí lọ ni kíkéré fúnra rẹ̀. Ká ní ìlú kan ní mílíọ̀nù kan èèyàn, wọ́n sì gba ìwé 1,000 jọ. Ìwé kọ̀ọ̀kan dúró fún èèyàn 1,000. Bí ibùdó ńlá bá ní ọgọ́rùn-ún ìwé, tí márùn-ún sì sọ nù lóṣù tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó máa kíyè sí i. Bí ibùdó kékeré bá ní mẹ́wàá, tí márùn-ún sọ nù, ìdajì olùgbọ́ rẹ̀ ti lọ nìyẹn lójú ẹni tó ń polówó, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ńṣe ni ìwé lọ sí àdúgbò mìíràn lóṣù yẹn. Olùdarí ètò á wá jókòó, á máa wá ìdí tí nọ́ńbà fi já. Á yọ atọ́kùn àárọ̀, á dín orin tuntun kù, á gbé ètò alẹ́ sí ọ̀sán. Lóṣù kẹta, ìwé márùn-ún padà dé, ó sì rò pé òun lòun ṣe é. Yẹ̀yẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìyípadà ètò tí àwọn olùgbọ́ ń bínú sí, tí a bá fojú ìṣirò wò ó: afẹ́fẹ́ ló fẹ́, wọ́n ní igi ló jó.

Àwọn kan wà tí wọ́n rí ọ̀nà àbáyọ. Rick Carroll, olùdarí ètò ní KROQ, Pasadena, lẹ́bàá Los Angeles, mú orin pọ́ńkì àti new wave tí àwọn yòókù ń sá fún ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó sì ń lò ó bí ẹni ń lo orin gbajúmọ̀: díẹ̀ ni wọ́n, léraléra ni wọ́n ń padà, kí ẹni tó bá tan rédíò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá má ṣàìbá ọ̀kan nínú wọn. Nọ́ńbà KROQ gòkè. Lọ́dún 1983, 91X tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ kan tí òpó rẹ̀ wà ní Tijuana, ní Mexico, tó sì ń bá àwọn ará San Diego ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ráhùn lónìí pé rédíò alternative ti di ẹyọ orin kan náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ yẹ kí wọ́n mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Ohun tó yí padà kò ju pé orin tí wọ́n ń yí po ti darúgbó.

WLIR ní Long Island gba ọ̀nà tó wu òǹkọ̀wé yìí jù. Wáàtì 3,000 ni, New York pẹ̀lú gbogbo òmìrán rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1982, Denis McNamara tó jẹ́ olùdarí ètò kó àwọn rọ́ọ̀kì àtijọ́ kúrò, ó ní orin tuntun nìkan ni wọ́n máa lù. Àwo orin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Ìlú Ọba, wọn kì í dúró kí ilé-iṣẹ́ olórin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á lọ gbà á bó bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù. Wọ́n tún dá ohun kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Screamer of the Week. Àwọn olùgbọ́ á tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n á dìbò fún orin tuntun tó wù wọ́n jù nínú àwọn ti ọ̀sẹ̀ náà. Asọ̀rọ̀mágbèsì wá èsì fúnra rẹ̀, kò dúró de Arbitron. Ohun tó pa WLIR kì í ṣe nọ́ńbà rárá. Ìwé àṣẹ ni. Ẹjọ́ lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìgbì 92.7 ti wà nílẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, nígbà tó sì di oṣù kejìlá ọdún 1987, wọ́n gba ìgbì náà lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọjà yí padà. Ìwé ìròyìn Billboard bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn orin rọ́ọ̀kì ìgbàlódé sórí àtẹ tiwọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1988. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, nínú oṣù kẹsàn-án kan náà, ẹgbẹ́ olórin Nirvana gbé àwo Nevermind jáde. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn di ohun tí gbogbo ayé ń jà sí. Àwọn rédíò ńlá tó ti ń lu rọ́ọ̀kì àgbà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ sọ ara wọn di alternative mọ́jú, wọ́n gbé wáàtì 50,000 wọn dání. Ẹni tó ń ta ohun tí wọn kì í tà kò ní í mọ́. Lọ́dún 1996, ìjọba Amẹ́ríkà mú òfin tó dín iye ilé-iṣẹ́ tí ẹnì kan lè ní jákèjádò orílẹ̀-èdè kúrò, kò sì pẹ́ tí Clear Channel nìkan fi ní nǹkan bí 1,200. Bí irú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ bá ti ní ibùdó mẹ́fà nínú ìlú kan, ìbéèrè wọn kì í tún ṣe bóyá alternative ń mówó wọlé, bí kò ṣe ohun tí ìgbì yẹn lè mú wọlé tó bá ń ṣe nǹkan mìíràn. Ní ọ̀sán ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005, WHFS tó ti ń lu orin fún agbègbè Washington láti ìgbà táwọn òbí olùgbọ́ rẹ̀ ti wà léwe dákẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀, orin èdè Spanish sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún níbẹ̀.

WOXY ti tà kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Mílíọ̀nù 5.6 dọ́là ni ilé-iṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó ìgbì ìlú kékeré súnmọ́ ìlú ńlá san fún 97.7. Kì í ṣe orin ni wọ́n ń rà, kì í ṣe olùgbọ́ pàápàá. Ilẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ni. Ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2004 ni 97X lu orin rẹ̀ gbẹ̀yìn lórí FM.

Ní àwọn ìlú ńlá, ìwé pélébé náà ò pẹ́ tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2007, ní Philadelphia àti Houston, Arbitron bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Portable People Meter rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn ń so mọ́ ìgbànú ni nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ rédíò kọ̀ọ̀kan á fi àmì kan tí etí kò lè gbọ́ pa mọ́ sínú ohùn tó ń gbé jáde, ẹ̀rọ náà á sì máa gbọ́ àmì yẹn níbikíbi tí ẹni tó so ó bá wọ̀: inú ọkọ̀, ṣọ́ọ̀bù, yàrá dókítà ehín. Kò sí bírò, kò sí alẹ́ Ọjọ́rú.

Ohun tí ẹ̀rọ náà sọ ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Àwọn olùgbọ́ ń gbọ́ rédíò tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ lórí ọ̀kankan. Fún ibùdó ńlá tó ń dún ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ìròyìn ayọ̀ ni. Fún ibùdó kékeré, àjálù. Ẹni tó fẹ́ràn 97X tàbí irú rẹ̀ a máa kọ ọ́ sínú ìwé láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bí kò tilẹ̀ gbọ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ìfẹ́ ló ń kọ ọ́. Ẹ̀rọ kò mọ ìfẹ́. Ìdúróṣinṣin ni gbogbo ọrọ̀ tí àwọn ibùdó wọ̀nyẹn ní, lójijì ni wọ́n kò sì rí i gbé wọ ọjà mọ́. Àwọn ibùdó àwọn èèyàn dúdú àti ti àwọn tó ń sọ Spanish náà pariwo pé àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ náà láàárín àwọn èèyàn wọn kò tó. Lọ́dún 2008, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York àti ti New Jersey gbé Arbitron lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Los Angeles ni a ti rí i kedere jù. Indie 103.1 bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ìparí ọdún 2003, lórí òpó kéékèèké méjì tó ń lo ìgbì kan náà, ọ̀kan ní Santa Monica, èkejì ní Newport Beach. Steve Jones tó ń ta gìtá fún Sex Pistols máa ń jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń lu ohun tó bá wù ú, láìsí àtẹ orin kankan, ó sì lè dákẹ́ sórí afẹ́fẹ́ títí yóò fi rí àwo tó ń wá. KROQ, àgbà ilé náà, ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú agbára rẹ̀ ńlá. Ìgbà ìwọ́wé ọdún 2008 ni ẹ̀rọ tuntun dé Los Angeles. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, Indie 103.1 kúrò lórí FM, ìkéde ìdágbére tó sì ń gbé jáde kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ó ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn olùgbọ́ ti yí padà, ó sì ń fipá mú àwọn ibùdó ìlú náà láti lu irú orin tí wọn kò dá ilé-iṣẹ́ àwọn sílẹ̀ fún. Ìbínú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká má gbàgbé òpó kéékèèké méjì yẹn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi ìwé pélébé ka olùgbọ́ rẹ̀ títí ayé, àdúgbò tí ohùn rẹ̀ kò dé kò ní kọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ní àléébù tirẹ̀. Inú ariwo ni àmì rẹ̀ ń fara pa mọ́ sí, nítorí náà ibi tí ohùn bá ti rọlẹ̀, tàbí tí èèyàn kan bá ń dá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àmì náà lè má dún tó. Rédíò lè máa dún létí èèyàn kí ẹ̀rọ má gbọ́ nǹkan kan. Ní àárín ọdún 2014 sí 2015, àpótí kan tí wọ́n ń pè ní Voltair gba ìgboro: ilé-iṣẹ́ tó bá rà á lè mú kí àmì rẹ̀ túbọ̀ hàn, nọ́ńbà tí wọ́n sì ń rí bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nielsen tó ti ra Arbitron lọ́dún 2013 kọ́kọ́ yarí, nígbà tó yá ó fún àmì tirẹ̀ lágbára sí i fún gbogbo èèyàn. Kí atọ́kùn má sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lóru mọ́ nítorí pé ẹ̀rọ ìgbànú kò ní gbọ́ ọ, òpin nìyẹn.

Ní Ìlú Ọba, tí RAJAR ń bá wọn ka olùgbọ́, èsì lè gba ọ̀nà mìíràn dé. BBC 6 Music bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2002, ó ń lu irú orin yìí láìsí ìpolówó ọjà. Nígbà tó di ọdún 2010, BBC ní àwọn fẹ́ tì í pa. Olùgbọ́ rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan. Àwọn olùgbọ́ fọ́n sígboro, wọ́n ń kọ lẹ́tà, wọ́n ń pariwo, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí sì tan rédíò láti mọ ohun tó ń fa ariwo. Nígbà tí RAJAR gbé nọ́ńbà oṣù mẹ́ta yẹn jáde, ó ti kọjá mílíọ̀nù kan. Ní oṣù keje, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó BBC kọ̀ láti tì í pa. Ìkéde ikú ni ìpolówó tó dára jù tí 6 Music rí gbà.

WOXY náà gbìyànjú láti jí. Lẹ́yìn tí ìgbì lọ, wọ́n kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gba èsì níkẹyìn: kọ̀ǹpútà tó ń pín ohùn náà mọ iye ẹni tó so mọ́ ọn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kò sí pé ìwé kan dúró fún èèyàn 1,000. Ṣùgbọ́n lórí FM ní Amẹ́ríkà, rédíò kì í san owó fún ẹni tó kọ orin náà sínú àwo, olùgbọ́ kan àti mílíọ̀nù kan ìnáwó kan náà ni. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin ní kí wọ́n sanwó lórí orin kọ̀ọ̀kan fún olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ ìjọba kan fi iye rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 2007, ó bẹ̀rẹ̀ láti 0.0008 dọ́là fún 2006, ó ń gòkè títí dé 0.0019 fún 2010. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan. Ẹ fi iye orin tó wà nínú wákàtí kan sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún etí sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ óò rí i pé olùgbọ́ tó ń pọ̀ sí i ti di gbèsè. Wọ́n dákẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ Lala gbà wọ́n là. Wọ́n kó lọ sí Austin, ní Texas, lọ́dún 2009. Ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2010 ni ohùn náà dákẹ́ pátápátá.

Àwọn tó ń bẹ lórí FM ṣì ń ka ìṣẹ́jú 15 tiwọn. Ìyípadà tó dé kẹ́yìn kò ti ọ̀dọ̀ olùdarí ètò kankan wá. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Nielsen ní ìṣẹ́jú 3 ti tó, dípò 5, kí ẹ̀rọ tó ka èèyàn sí ẹni tó gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan tán. Nọ́ńbà àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ní àwọn ìlú ńlá tó ń lo ẹ̀rọ náà gòkè lójú ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo fi ìṣẹ́jú kan kún iye tó fi ń gbọ́ rédíò.